Bí Ọkọ̀ Bá Ń Jò, Níbo Ni Ihò Wà?

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá lónìí fún ẹ̀yin ará wa ní Kambolé, ní Tchamba, ní Sokodé àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ó le, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ọkọ̀ kékeré tí a fi igi ṣe, èyí tí a fi ń kọjá odò. A fẹ́ mọ bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀. A fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ ṣe kọ́ láti wá ihò tí omi ń gbà wọlé, àti bí wọ́n ṣe kọ́ láti dí i.

Ẹnìkan nínú yín lè wí pé, "Àgbẹ̀ ni wá. Iṣu, àgbàdo àti òwú ni iṣẹ́ wa. Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi?" Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn.

Odò Mono kò ti ibi jíjìn wá. Agbègbè tí ó wà láàrin Sokodé àti ààlà ilẹ̀ Benin ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ sí gúúsù, bíi kìlómítà 400, kí ó tó dé etí òkun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lè fi ojú kékeré wo odò. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ títí, odò a kún. Ibi tí ọmọdé ti fi ẹsẹ̀ kọjá ní oṣù kejì, àgbà kò ní lè fi ẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Ní ọdún 1987, wọ́n parí iṣẹ́ dídí odò Mono ní Nangbéto, láti fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná fún Tógò àti Benin. Omi náà tàn, ó di adágún ńlá. Wọ́n ní láti kó àwọn ènìyàn ọ̀pọ̀ abúlé kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ àwọn apẹja wà lórí adágún náà, lórí omi kan náà tí ó ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ọkọ̀ lónìí lè wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ọmọ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lọ sí oko, tàbí lọ kí ẹbí. Ó yẹ kí ẹni tí ń wọ ọkọ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí ó wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sí i.

OHUN TÍ Ẹ TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bí òjò bá ń rọ̀ ní òru, tí omi sì ń kán sórí ẹní yín, níbo ni ẹ máa ń wò? Ẹ ó wo ọ̀gangan ibi tí omi ti ń kán. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹ gun òrùlé, ẹ lè má rí ihò kankan níbẹ̀. Ihò náà wà lókè ju ibẹ̀ lọ. Omi gba ibẹ̀ wọlé, ó tọ igi àjà bọ̀, ó wá kán sórí ẹní. Ibi tí omi ti ń kán yàtọ̀ sí ibi tí ó gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Omi inú ọkọ̀ a máa ṣàn lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù. Bí atukọ̀ bá jókòó sí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni omi yóò péjọ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ni ihò wà. Ẹni tí ó bá ń dí ibi tí omi péjọ sí, iṣẹ́ asán ni ó ń ṣe.

Ohun kejì tí ẹ mọ̀ ni igbá. Bí igbá bá là, a kì í sáré jù ú nù. A ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ó là, a ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gán an. Ẹni tí ó mọ igbá í gán mọ̀ pé òun ní láti kọ́kọ́ rí ibi tí lílà náà parí sí. Bí ó bá gán àárín, tí ó fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀, igbá náà yóò tún là síwájú.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Omi ni aláǹgbá ọkọ̀. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ibi tí ògiri ti lanu.

ỌKỌ̀ TÍ WỌ́N RÍ NÍBI KÀNGA

Ní ọdún 1987, ọdún kan náà tí wọ́n parí iṣẹ́ Nangbéto, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí ó gbẹ́ ilẹ̀ dé bíi mítà 5, ohun tí ó fi ń gbẹ́ ilẹ̀ kan igi líle. Lẹ́yìn náà àwọn onímọ̀ wá wò ó. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ ni. Odindi igi kan ni wọ́n gbẹ́ di ọkọ̀ náà. Gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ìdajì mítà. Wọ́n yẹ igi náà wò, wọ́n sì rí i pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti rí ní Áfíríkà, kò sí èyí tí ó pẹ́ tó o. Ìlú Damaturu ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Kò ní oríkèé, nítorí pé igi kan ṣoṣo ni. Báwo ni omi ṣe ń wọ̀ ọ́?

Ẹ wo igi tútù tí ẹ gé sílẹ̀ nínú oòrùn. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń súnkì. Òde rẹ̀ a gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, níbi tí àáké ti gé e, ni ó ń yára gbẹ jù. Nítorí náà, ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ń là. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú igi, níbi tí ẹ̀ka ti yọ nígbà tí igi wà láàyè. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń wọ́ ọ lórí òkúta àti iyanrìn, nítorí pé ibẹ̀ a máa fẹ́lẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn apẹja ní ilẹ̀ púpọ̀ fi ń gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sí abẹ́ ibòji. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rì í sínú omi nígbà tí wọn kò bá lò ó, kí oòrùn má bàa là á.

PÁKÓ, OKÙN ÀTI Ọ̀DÀ

Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ ọkọ̀ tí ó tóbi ju igi kan lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó mọ́ pákó. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1954, wọ́n rí ọkọ̀ ọba kan tí ń jẹ́ Khufu nínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ńlá rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 4,500. Gígùn rẹ̀ ju mítà 40 lọ. Okùn ni wọ́n fi so pákó rẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gán igbá.

Ẹ ó béèrè pé, báwo ni okùn ṣe lè dá omi dúró? Igi fúnra rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Igi gbígbẹ tí ó bá mu omi a máa wú. Nítorí pé okùn ti so pákó le, kò sí ibi tí pákó yóò sún sí. Ẹ̀gbẹ́ pákó kan a wá fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ti rí èyí rí. Bí ẹ̀rúkọ́ bá gbẹ, tí ọkọ́ sì ń mì lórí rẹ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ ó rì í sínú omi fún ìgbà díẹ̀. Igi a wú, ọkọ́ a sì le padà.

Nínú èyí a rí ẹ̀kọ́ ńlá kan. Ọkọ̀ onípákó tí ó ti wà nínú oòrùn fún oṣù méjì yóò jò ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sínú omi. Kì í ṣe gbogbo jíjò bẹ́ẹ̀ ni ihò. Ẹ so ó mọ́ èbúté, kí ó mu omi di ọjọ́ kejì. Èyí tí ó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ìgbà náà ni kí ẹ wá.

Ṣùgbọ́n wíwú igi nìkan kò tó. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ a máa fi òwú, tàbí okùn àtijọ́ tí wọ́n ti tú, sí àárín pákó méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n a fi ọ̀dà tàbí oje igi bò ó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Bíbélì sọ pé Ọlọ́run pàṣẹ fún Nóà pé kí ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ rẹ̀ nínú àti lóde. Kùránì, tí ó pè é ní Nùhù, sọ pé pákó àti ìṣó ni ọkọ̀ náà. Pákó, ìṣó àti ọ̀dà: ohun kan náà ni ẹ lè bá lọ́wọ́ àwọn tí ń kan ọkọ̀ onípákó títí di òní.

ỌKỌ̀ JÍJẸRÀ NÍ SANSANDING

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, sí odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ní ọdún 1796, ọkùnrin ará Skọ́tlándì kan, Mungo Park, dé ìlú Ségou, tí ó wà ní ilẹ̀ Málì lónìí. Ó rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Igi ńlá méjì ni wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so ìdí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì, tí oríkèé wọn sì wà ní àárín ọkọ̀ gan-an.

Ní ọdún 1805, Park padà wá. Ó fẹ́ tọ odò náà lọ títí dé ibi tí ó parí sí. Àìsàn ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun tí ó kó wá. Ó dé Sansanding, lẹ́bàá Ségou, kò sì ní ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ọba Ségou, ìdajì rẹ̀ ti jẹrà, ó sì kún fún àlẹ̀mọ́.

Kí ni Park ṣe? Kò fi àlẹ̀mọ́ tuntun lé àlẹ̀mọ́ àtijọ́. Ó mú ìdajì tí ó dára lára ọkọ̀ yìí, ó sì so ó mọ́ ìdajì ọkọ̀ mìíràn tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọ-ogun kan tí ń jẹ́ Abraham Bolton ràn án lọ́wọ́. Wọ́n yọ gbogbo ibi tí ó jẹrà kúrò. Wọ́n tún gbogbo ihò ṣe. Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ líle náà. Nígbà tí wọ́n parí, gígùn ọkọ̀ náà tó mítà 12, fífẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Bí wọ́n bá di ẹrù sí i, kì í rì wọ inú omi ju bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Park sọ ọ́ ní Joliba, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1805, wọ́n ṣí kúrò ní Sansanding. Ọkọ̀ tí wọ́n fi igi jíjẹrà tún ṣe yìí gbé wọn ju kìlómítà 1,500 lọ, títí dé Bussa, ní ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní. Ibẹ̀ ni Park kú sí ní ọdún 1806. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí amọ̀nà rẹ̀ mú wá lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn kọlù wọ́n níbi tí àpáta ti há odò mọ́, Park sì bọ́ sínú omi. Jíjò kọ́ ni ó pa á.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Ẹni tí ó bá fi àlẹ̀mọ́ lé igi jíjẹrà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ìṣó kò ní ohun tí yóò dì mú. Ẹ gé e títí ẹ ó fi kan igi líle, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí i.

ỌKỌ̀ TÍ ÌGBẸ́ ÀGÙNTÀN BÁ WỌN GBÀ LÀ

Ìtàn kẹ́yìn ti òkun ni. A mú un wá nítorí pé ó fi hàn wá ìhà tí ó yẹ kí a ti dí ihò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1770, ọ̀gá atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Cook, ń lọ ní etí òkun Ọsirélíà. Endeavour ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù náà, ọkọ̀ gun orí àpáta tí ó fara sin sábẹ́ omi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ju àgbá 6 àti ọ̀pọ̀ ẹrù mìíràn sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ọ̀sán kan àti òru kan kí òkun tó kún tó láti gbé ọkọ̀ kúrò lórí àpáta. Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ń gba iṣẹ́ fún ara wọn nídìí ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde.

Ihò náà wà ní abẹ́ ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, Jonathan Monkhouse, ti rí ohun tí wọ́n ṣe rí nínú ọkọ̀ mìíràn tí ń jò. Wọ́n ní kí ó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n mú aṣọ ìgbòkun kan. Wọ́n gé irun àgùntàn àti okùn títú wẹ́wẹ́, wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ náà. Wọ́n wá da ìgbẹ́ àgùntàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi okùn fa aṣọ náà gba abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀gangan ihò, omi tí ń sáré wọlé fa irun àti okùn náà wọ inú ihò. Jíjò náà dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ìfami kan ṣoṣo fi ká a.

Wọ́n rọra tukọ̀ dé ẹnu odò kan, wọ́n sì fà á gun èbúté. Nígbà náà ni wọ́n rí i pé òkúta ńlá kan ti ya, ó sì há sínú ihò náà. Bí òkúta náà bá ti jábọ́, bóyá gbogbo wọn ni ì bá ti rì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó tún lọ.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Omi tí ó fẹ́ rì wọ́n, òun náà ni ó ti dídí náà mọ́ ihò. Bí a bá fi nǹkan dí ihò láti inú ọkọ̀, omi yóò máa tì í kúrò. Bí a bá dí i láti òde, omi yóò máa tì í mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ní àárín odò, ẹ fi ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ dí i láti inú kí ẹ lè dé èbúté. Ṣùgbọ́n ní èbúté, òde ni kí ẹ ti tún un ṣe.

BÍ A ṢE Ń WÁ IHÒ

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, àwọn ènìyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀ràn wà kí wọ́n tó tún un ṣe. Èyí ni ọ̀nà tí ẹ lè gbà:

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ gbé e lé igi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lè rí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kó ẹrù, ẹrẹ̀ àti iyanrìn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀.

2. Ẹ dojú ọkọ̀ dé ní ọ̀sán. Kí ẹnìkan wo inú rẹ̀ láti abẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò wà níbẹ̀.

3. Ẹ fi ṣónṣó ọ̀bẹ tẹ igi níbi gbogbo, pàápàá lẹ́bàá ìṣó àti lẹ́bàá oríkèé. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, igi ti jẹrà níbẹ̀.

4. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ yí ọkọ̀ padà sí ipò rẹ̀ lórí igi. Ẹ fi ẹfun tàbí eérú gbígbẹ ra òde rẹ̀. Ẹ wá da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó jìn bí ìka mẹ́rin. Ẹ má kún un, nítorí pé omi wúwo, ó sì lè là á. Ẹ dúró, kí ẹ wo òde. Ibi tí omi bá gbà jáde ni ó ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni ẹfun yóò ti kọ́kọ́ tutù. Ẹ wo ibi tí ó ga jù tí ó tutù, nítorí pé omi a máa ṣàn wá sílẹ̀ láti ibẹ̀.

5. Ẹ fi èédú sàmì sí i kíákíá. Bí omi bá gbẹ tán, ẹ lè má rí i mọ́. Ẹ má sì dúró lórí ihò kan. Ẹ wá èkejì.

BÍ A ṢE Ń DÍ I

Ẹ gé igi jíjẹrà kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ó là, ẹ wá ibi tí lílà náà parí sí, kí ẹ lu ihò kékeré kan síbẹ̀. Ihò náà ni yóò dá a dúró kí ó má bàa là síwájú. Ẹ rántí igbá.

Ẹ fi òwú tàbí okùn títú sínú lílà náà láti òde. Ẹ fi irin tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ àti òòlù rọra tì í wọlé. Ẹ má fún un jù, nítorí pé igi yóò wú nínú omi. Bí kò bá sí ààyè fún un, yóò tún là. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà bò ó. Bí ihò náà bá tóbi, ẹ gé pákó tàbí páànù tí ó fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ fi aṣọ tí a ti rì sínú ọ̀dà sí àárín, kí ẹ sì fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ òde.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà gbígbóná. Òde gbangba ni kí ẹ ti yọ́ ọ, lórí iná kékeré, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ọn. Bí ó bá dà sí ara, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì jó o gidigidi.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tún da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wo òde rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ èbúté di ọjọ́ kejì láìdi ẹrù sí i. Bí ẹ bá bá omi nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Ẹ mú gègé àti ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ihò kékeré kan ń mú omi ife kan wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ife mẹ́rin ni ó wà nínú lítà kan. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Nítorí náà, ife 60 ni yóò wọlé ní wákàtí kan. Èyí jẹ́ lítà 15. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ọkọ̀ yín ti ru kílò 15 láìjẹ́ pé ẹ di nǹkan kan sí i. Ní wákàtí 10, yóò di kílò 150. Èyí wúwo ju àpò àgbàdo oníkílò 100 lọ.

Bí omi bá ti ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń rì sílẹ̀. Lílà tí ó wà lókè omi ní òwúrọ̀ á wá bọ́ sábẹ́ omi ní ọ̀sán. Bí ihò róbótó bá sì fẹ̀ di ìlọ́po méjì, omi tí yóò máa gbà á wọlé yóò tó ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ihò kékeré àná fi ń di ọ̀ràn ńlá ọ̀la. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ní ilẹ̀ Gánà, lẹ́bàá wa, wọ́n parí iṣẹ́ dídí odò Volta ní Akosombo ní ọdún 1965. Adágún ńlá tí ó ti ibẹ̀ jáde bo igbó mọ́lẹ̀. Kùkùté igi ṣì wà lábẹ́ omi náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígi ni ó ti kọlù wọ́n, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ti lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá kọlù kùkùté lónìí lè dé èbúté láìsí ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ bá dákẹ́, tí kò wo abẹ́ rẹ̀, àwọn tí yóò wọ̀ ọ́ lọ́la ni yóò jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má tijú láti sọ pé ọkọ̀ yín ń jò. Ọkọ̀ tí kò jò rí kò sí. Ohun ìtìjú ni kí ènìyàn mọ̀ ọ́n, kí ó fi ẹní bò ó, kí ó sì gba owó lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀yin èrò, ẹ wo inú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá bá omi níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ wò ó bóyá igbá ìgbọ́nmi wà nínú rẹ̀. Bí aṣọ tí ń mú ènìyàn léfòó bá wà, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi wọ àwọn ọmọdé. Bí odò bá kún, tí ọkọ̀ kò sì dá yín lójú, ẹ padà sílé. Oko yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

 

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ló dé tí omi inú ọkọ̀ kì í sábà péjọ sí ibi tí ihò wà?
2. Apá ibo ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti kọ́kọ́ ń là? Nítorí kí ni?
3. Kí ni Mungo Park ṣe kí ó tó dí ihò ọkọ̀ rẹ̀ ní Sansanding?
4. Kí ló dé tí ó fi sàn láti dí ihò láti òde?
5. Bí ihò kan bá ń mú ife méjì wọlé ní ìṣẹ́jú kan, kílò mélòó ni omi náà yóò jẹ́ ní wákàtí méjì? Ẹ ṣe é sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi han ẹni tí ó jókòó tì yín.